Ìkéde: Ìbẹ̀wò sọ́dọ̀ Ìyá Ẹgbẹ́ wa ní Kubwa

Ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú ìrọ́jú. Ìyá Ẹgbẹ́ pàdánù ọmọkùnrin wọn. Ọlọ́run má jẹ́ ká rí irú rẹ̀ mọ́.

Màmá Kàdúná, ọ̀rẹ́ wọn láti kékeré, ti dé. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n á ro àmàlà, wọ́n á ki olóògbé ní oríkì rẹ̀ tí àwa ń bẹ̀rù láti pè, àwọn méjèèjì á jọ sunkún. Ìgbà yẹn ni Ìyá Ẹgbẹ́ tó ń bu òkèlè.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹnikẹ́ni má sọ pé "ẹ gbàgbé." Ọ̀sán Sátidé la ó máa wọlé ní méjì-méjì. Kò sí aṣọ ẹgbẹ́ o. Ẹni tó bá fẹ́ gbé oúnjẹ lọ, kó kọ́kọ́ bi Màmá Kàdúná.

Akọ̀wé