Ta Ló Ni Fíríìjì Náà? Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Màmá rẹ ní kí n lọ sùn, pé ilẹ̀ ọ̀la á mọ́ kí n tó kọ̀wé. Oorun kò kùn mí. Ọ̀rọ̀ tí o sọ lórí fóònù lánàá ló ń jà nínú mi. O ní àwọn ẹnjiníà àjọ aláàánú tí ò ń bá ṣiṣẹ́ ń gun òrùlé, wọ́n ń tan iná oòrùn fún abúlé, ìwọ sì jókòó sí ọ́fíìsì ní Abẹ́òkúta, ò ń to rìsíìtì. O ní o kò mọ̀ bóyá iṣẹ́ ni wọ́n ń pe èyí.

Ọdún 31 ni mo fi tọ́jú sítọ́ọ̀ nílé ìwòsàn ìjọba. Kò sẹ́ni tó ya fọ́tò mi níbẹ̀ rí. Torí náà, èmi gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí kàn.

Ní àsìkò kan, àwọn kan gbé fíríìjì tó ń lo oòrùn wá bá wa, ti abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọdé. Abẹ́rẹ́ wọ̀nyẹn kò fẹ́ ooru, ọ̀pọ̀ wọn kò sì fẹ́ kí á mú wọn dì. Àárín ìwọ̀n 2 sí 8 Celsius ni wọ́n gbọ́dọ̀ wà tọ̀sán tòru. Pánẹ́ẹ̀lì wà lórí òrùlé, bátìrì mẹ́rin wà nínú àpótí nísàlẹ̀. Wọ́n gé rìbọ́ọ̀nù, a jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù, ọkọ̀ wọn gbéra. Fíríìjì náà ṣiṣẹ́ dáadáa fún ọdún mẹ́ta. Lẹ́yìn náà kò lè mú òru já mọ́. Kò sí ohun tó ṣe pánẹ́ẹ̀lì. Bátìrì ló gbó, bí bátìrì ọlọ́mi ṣe máa ń gbó.

Mo ṣí lẹ́jà mi. Mo rí ọjọ́ tí ó dé, mo rí nọ́mbà rẹ̀, mo rí ẹni tó buwọ́ lù ú. Ẹni tó ni ín ni mi ò rí. Ìjọba ìbílẹ̀ ní àwọn tó gbé e wá ló ni ín. Ọ̀gá wa ní ti ìjọba ìbílẹ̀ ni. Àwọn tó gbé e wá ní àwọn ti fi ta wá lọ́rẹ, kí a má bínú. Oṣù mẹ́jọ ni a fi ń kọ lẹ́tà síra wa. Ní gbogbo àkókò yẹn, nọ́ọ̀sì ni ń gbé kúlà oníyìnyín ka itan lórí ọ̀kadà ní gbogbo ọjọ́ àjẹsára.

Ẹ̀bi tèmi wà níbẹ̀. Èmi ni mo gba ẹrù náà wọlé. Mo ka fíríìjì, mo ka bátìrì, n kò sì bèèrè ta ni yóò ra bátìrì kejì. Irú èyí tí kò ní bátìrì rárá ti wà báyìí, tó jẹ́ pé yìnyín tí oòrùn bá dì lọ́sàn-án ló ń mú un tutù di òru. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn á bàjẹ́ lára rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ìbéèrè mi á sì tún dìde.

Ìbéèrè yẹn ti di iṣẹ́ rẹ, Àbẹ̀kẹ́. Kí ẹ tó fa iná kankan lé abúlé lọ́wọ́, ìwọ ni kí o rí i pé ó wà nínú ìwé: ta ló ni ín láti òní lọ, ta ni yóò nu eruku kúrò lójú pánẹ́ẹ̀lì nígbà ọyẹ́, ta ni yóò máa gba owó oṣù, àpò báńkì wo ni yóò wà, ta ni kí wọ́n pè bó bá kú lóru, ọdún wo ni ẹ fojú sí pé bátìrì á gbó. Yorùbá ni kí o fi kọ ọ́, kí o kà á sí wọn létí, kí baálẹ̀ àti ìyálọ́jà buwọ́ lù ú. Ẹnjiníà kò ní rántí. Kì í ṣe pé kò gbọ́n. Òkè òrùlé lojú rẹ̀ wà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

O sọ̀rọ̀ Gbamu-Gbamu fún mi, ní Ìjẹ̀bú East, níbi tí wọ́n ti ṣí iná oòrùn kìlówáàtì 85 ní ọdún 2018. Ohun tó wù mí jù nínú ìtàn rẹ ni pé àwọn ará ibẹ̀ ń sanwó iná tí wọ́n bá lò. Ẹni tó ń sanwó mọ ẹni tí yóò bá jà. Àwa tí wọ́n ta lọ́rẹ fíríìjì, ta la fẹ́ bá jà? Mo mọ̀ pé àjọ tiyín kò wá èrè, àánú ló gbé e dìde. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí àwọn tí ẹ ń ràn lọ́wọ́ ní ẹnìkan tí wọ́n lè pariwo mọ́.

Ní ti owó, díẹ̀ ni mo fẹ́ sọ. Ìwọ náà rí ohun tí náírà ṣe: kò tó 500 sí dọ́là kan ní báńkì kí wọ́n tó tú u sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ó sì ti lé ní 1,500 nígbà tí yóò fi di oṣù kejì ọdún 2024. Bí wọ́n bá fún ọ níye ọjà ní Alaba, bèèrè iye ọjọ́ tí iye náà yóò fi dúró, kí wọ́n kọ ọ́ sórí ìwé. Bí ẹ bá sì ń kó ẹrù láti Ṣáínà, Form M, fọ́ọ̀mù tí a ń gbà ní báńkì kí a tó kó ẹrù wọlé, gbọ́dọ̀ ti jáde kí ọkọ̀ ojú omi tó gbéra, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ Apapa á jẹ owó yín run. Bí ẹ bá ní kí wọ́n gba ìwé iye ọjà wá láti ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta, ṣọ́ra fún mẹ́ta tó ti inú dúrọ́ọ̀ ènìyàn kan ṣoṣo jáde. Mo rí irú rẹ̀ rí: orúkọ ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta, àṣìṣe kan náà nínú ọ̀rọ̀ kan náà.

Ẹni tó sọ fún ọ pé àjọ tí kì í jèrè kò ní í ṣe pẹ̀lú owó orí ṣì ọ́ lọ́nà. Owó orí tí ẹ bá yọ nínú owó oṣù òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ ìjọba kí ọjọ́ 10 oṣù tó tẹ̀ lé e tó kọjá. Bí ẹ bá tó ènìyàn 15, owó ìfẹ̀yìntì wà níbẹ̀: 8 nínú ọgọ́rùn-ún láti ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́, 10 láti ọ̀dọ̀ àjọ, láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje tí ẹ bá ti sanwó oṣù. Ìjábọ̀ ọdọọdún sí CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, ẹ ní láti 30 oṣù kẹfà títí di 31 oṣù Kejìlá. Kọ gbogbo rẹ̀ sára ògiri. Èmi tó ń jẹ owó ìfẹ̀yìntì lónìí mọ ohun tí kọ́láàkì kan tó gbàgbé oṣù mẹ́ta ti fojú mi rí.

Àti dẹrẹ́bà yín. Má jẹ́ kó fi owó àpò rẹ̀ ra epo kí ó tó wá máa bẹ̀ yín fún un. Fún un kó tó lọ, kó mú rìsíìtì bọ̀. Ẹ sì wo jẹnẹrétọ̀ tó ń bú lẹ́yìn ọ́fíìsì yín yẹn, tí mo ń gbọ́ nígbàkúgbà tí o bá pè mí. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde o, ẹ̀yin oníná oòrùn!

Ya fọ́ọ̀mù tí ẹ fi ń fa nǹkan lé abúlé lọ́wọ́ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, tojú tẹ̀yìn, kí n wò ó. Mo ti gba gíláàsì tuntun. Màmá rẹ ní èlùbọ́ ń bọ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ Abẹ́òkúta ní Sátidé. Kóńgò mẹ́fà ni. Wọ̀n ọ́n kí dẹrẹ́bà tó lọ. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ níbí.

Èmi ni,
Bàbá rẹ