Ajá tó wọ abẹ́ tábìlì lọ, ẹ fi í sílẹ̀ ná

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ àwọn ajá tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní ìgboro, tí wọ́n ń fún ẹni tó bá lè tọ́jú wọn. Àwọn míì ń dá a padà kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé: "Kì í gbó, kì í jẹun, abẹ́ tábìlì ló ń gbé."

Ẹ̀rù ló ń bà á. Ajá tí wọ́n ti sọ lókò, tí wọ́n ti da omi gbígbóná sí lára rí, bí ẹ bá na ọwọ́ sókè orí rẹ̀, òkò ló máa rò pé ó ń bọ̀.

Kó tó dé, ẹ wá igun tí èrò kì í gbà kọjá, tó jìnnà sí jẹnẹrétọ̀. Ẹ fi ògbólógbòó ìró bo tábìlì kékeré títí dé ilẹ̀, ẹ ṣí ẹ̀gbẹ́ kan sílẹ̀, ẹ tẹ́ àpò ìrẹsì sábẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ má fà á jáde, ẹ má sì pe ará àdúgbò wá wò ó. Ó lè di òru kó tó jẹun, nítorí náà ẹ gbé abọ́ rẹ̀ sínú àwo omi kí èèrà má baà bò ó. Ìrẹsì àti ẹja sísè tó, láìsí àlùbọ́sà, torí àlùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Bó bá lo ọjọ́ méjì láìjẹun, ẹ pe dókítà ẹranko. Ti ọmọ ajá kò gbọdọ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe ni fífi ẹran sọ́wọ́ tàn án. Ebi á gbé e wá, ẹ̀rù kò sì tíì kúrò. Bó bá gbé ẹran náà mì tán, ìgbà náà ló máa rí i pé ọwọ́ èèyàn ló wà nímú òun, ó sì lè gé e jẹ. Ẹ jókòó sílẹ̀, ẹ kọ ẹ̀gbẹ́ sí i, ẹ má wò ó lójú. Ẹ ju ègé ẹja sẹ́yìn rẹ̀. Á yí padà lọ mú un, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀ torí pé ó jìnnà sí yín, òun fúnra rẹ̀ á sì tún padà wá. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó lẹ́ẹ̀kan.

Bó bá ń lá imú, tó ń yán láìsí oorun, tí funfun ojú rẹ̀ hàn, ẹ sún sẹ́yìn. Bó bá kùn, ẹ má nà án. Ajá tí wọ́n nà torí pé ó kùn, eyín ni yóò kọ́kọ́ lò lọ́jọ́ mìíràn. Ẹ má fi ṣéènì so ó mọ́lẹ̀ pẹ̀lú. Ajá tí kò ráyè sá, ìjà ló kù fún un.

Ẹnu géètì ló ti ń sọnù jù. Bí ẹ̀rù bá bà á, ẹ̀yìn ló ń fà, orí á sì yọ nínú bẹ́líìtì ọrùn. Kí bẹ́líìtì náà gba ìka méjì péré, kí ẹ sì fi okùn kejì sí bẹ́líìtì àyà. Ní Dìsẹ́ńbà tí àwọn ọmọ ń yin báńgà, inú ilé ni kó wà.

Ẹ béèrè káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi: láti oṣù mẹ́ta ni wọ́n ti ń gún un, wọ́n á sì máa tún un gún lọ́dọọdún. Bó bá gé èèyàn jẹ, ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fún ìṣẹ́jú 15, ká tó máa sáré lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an. Àgbo kò ràn án.

Ẹni tó ń wá ajá tí yóò gbó olè lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kó má gba irú èyí. Ó lè tó oṣù mẹ́ta kó tó tẹ̀ lé yín dé kíṣìnnì. Lọ́jọ́ náà, ẹ má fọwọ́ kan orí. Ẹ fi ìka họ ọ́ láyà díẹ̀, ẹ mú ọwọ́ kúrò, kí ẹ wò ó bóyá á tún sún mọ́ yín.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Ìbàdàn.