Kọ́mà kì í ṣe àmì èémí

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè nínú ìwé ìròyìn yín láti bá àwọn olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, àti ẹnikẹ́ni tó ń fi èdè náà kọ ìkéde, sọ̀rọ̀ lórí kọ́mà.

Ní ilé tí mò ń gbé ní Èbúté-Mẹ́tta, wọ́n lẹ ìkéde kan mọ́ géètì ní oṣù tó kọjá: “Tenants, who have not paid the light bill, will not fetch water.” Ayálégbé mẹ́ta péré ló jẹ owó iná, ṣùgbọ́n kọ́mà méjì yẹn ti sọ gbogbo ilé di onígbèsè, bí ẹni pé kò sí ayálégbé kankan tó san owó náà. Ìyá àgbà kan tó ti san tirẹ̀ pé tú rìsíìtì jáde láti ìṣẹ́tí ìró rẹ̀, ó ń fi han ẹni gbogbo tó ń kọjá, nítorí ó dùn ún pé wọ́n ka òun mọ́ àwọn tó jẹ gbèsè. Ọmọ rẹ̀ tó ka ìkéde náà fún un kò ṣì í kà. Akọ̀wé ló ṣì í kọ.

Ohun tí wọ́n kọ́ ọ̀pọ̀ wa nílé ìwé ni pé ibi tí èémí bá ti fẹ́ tán ni ká fi kọ́mà sí. Ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n kọ́ wa ni “Èwo nínú wọn?” Bí ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé “who” tàbí “which” bá ń ṣa ẹnì kan tàbí ohun kan yọ láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kò sí kọ́mà níbẹ̀. Bí a bá ti mọ ẹni náà, tó jẹ́ pé àfikún lásán ni ọ̀rọ̀ náà, kọ́mà yóò wà níwájú àfikún náà àti lẹ́yìn rẹ̀, bí gbólóhùn kò bá parí síbẹ̀. Kọ́mà ẹ̀yìn yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbàgbé. Àṣàyàn ni “that” wà fún, a kì í fi kọ́mà ṣáájú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. A máa ń sọ pé “ọmọ tí ó sùn ni kí ẹ jí”, ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ ṣe àfikún, a ó dánu dúró díẹ̀, a ó sì wí pé “bàbá mi, ẹni tí ó ti fẹ̀yìn tì”. Ibẹ̀ ni ì bá dára kí olùkọ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Nínú ìwé ìhágún, ó léwu jù bẹ́ẹ̀ lọ. “My son who lives in Mushin” fi hàn pé bàbá náà ní ọmọkùnrin mìíràn. “My son, who lives in Mushin,” ń sọ pé ọmọkùnrin kan ṣoṣo yẹn ló ní. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́ta ńkọ́?

Ìkéde ilé wa ṣì wà lẹ́nu géètì. Mo bẹ akọ̀wé wa, kí ó fi bírò fagi lé kọ́mà méjèèjì.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Èbúté-Mẹ́tta, Èkó.