Ẹ̀sùn Lórí Òróró Lọ́fínńdà Tí Ẹ Fi Ránṣẹ́ Sí Mi Fún Ọṣẹ Ọdún Àjíǹde

Mólípa,
Ìjẹ̀bú-Òde,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.

Sí Ọ̀gá Ilé-iṣẹ́,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí, ẹ ó sì rí ìdí rẹ̀.

Ṣáájú ọdún Àjíǹde ni mo ra ẹrù ọṣẹ aláràbarà lọ́wọ́ yín: ọṣẹ glycerin funfun tí a ń gé yọ́, mòódù sílíkóònù onírísí ẹyin àti òdòdó, pọ́dà mica tó ń fún ọṣẹ ní àwọ̀ dídán, pẹ̀lú ìgò òróró lọ́fínńdà kan. ₦18,500 ni mo san, owó wébìlì láti Èkó kò sí nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ní ìjọ wa ni mo fẹ́ ṣe é fún, kí kálukú mú ẹyin ọṣẹ kan lọ sílé.

Bí ìwé inú ẹrù yín ṣe là á sílẹ̀ ni mo ṣe é. Mo gé ọṣẹ náà wẹ́wẹ́, mo gbé abọ́ rẹ̀ lé ìkòkò omi gbígbóná, n kò jẹ́ kó hó, ìgbà tí mo sọ ọ́ kalẹ̀ ni mo tó kán òróró sí i. Ó dì dáadáa. Ọmọ àbúrò mi fi èyí tí mo gé kúrò létí mòódù fọwọ́. Kò pẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ fi pọ́n, tó ń yún un, tó ń sunkún.

Ìgbà tí mo fẹ́ yọ́ òmíràn ni àṣírí tú. Ooru ìkòkò mú kí lébẹ̀lì ara ìgò náà ṣí, mo sì rí òmíràn lábẹ́ rẹ̀ tí wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà pé àbẹ́là nìkan ni òróró náà wà fún, kò gbọdọ̀ kan ara. Tiyín tó bò ó mọ́lẹ̀ ló ní "fún ọṣẹ àti ìpara". Ẹnìkan ló mọ̀ọ́mọ̀ jókòó lẹ̀ ẹ́. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta á mọ̀ pé òróró lọ́fínńdà ọṣẹ máa ń ní ìwé IFRA, ìyẹn àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ lọ́fínńdà, tó ń sọ ìwọ̀n tí a kò gbọdọ̀ kọjá nínú ohun tí yóò kan awọ ara. Mo béèrè ìwé yìí lórí WhatsApp. Ọmọbìnrin tó dá mi lóhùn ní, "Mummy, gbogbo èèyàn ló ń lò ó, kò sẹ́ni tó ráhùn." Láti ìgbà yẹn, wọn ò fèsì mọ́. L'Ọjà Òkè-Àjẹ níbí, ìyá tó ń ta ọṣẹ dúdú á sọ fún èèyàn bóyá àdín ni wọ́n fi sè é, á sọ irú eérú tí wọ́n lò, kó tó gbowó. Ìyá yẹn kò ní lébẹ̀lì kankan.

Pọ́dà yín náà kì í ṣe mica. Àwọ̀ mica kì í ṣàn nínú ọṣẹ. Yẹ́lò tiyín ti wọnú funfun kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìyẹn ṣì kéré.

N kò fún ọmọ kankan ní ọṣẹ náà. Bisikíìtì ni wọ́n gbà lọ́jọ́ ọdún.

Ẹ dá owó mi padà pẹ̀lú owó wébìlì. N kò fẹ́ ìgò mìíràn. Ṣùgbọ́n àwọn tó kù tí wọ́n ra òróró yìí ló jẹ mí lógún jù. Nọ́ńbà fóònù wọn wà lọ́wọ́ yín. Ẹ pè wọ́n, ẹ ní kí wọ́n má lò ó mọ́, kí wọ́n má sì fi ọṣẹ tí wọ́n ti ṣe wẹ ọmọ. Ẹ kó èyí tó ṣẹ́kù kúrò lórí àtẹ.

Òfin ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 kò fàyè gba lébẹ̀lì tó ń ṣi èèyàn lọ́nà. Bí n kò bá gbúròó yín láàárín ọjọ́ méje, FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, ni n ó kọ̀wé sí. Ìgò náà, lébẹ̀lì méjèèjì àti fọ́tò ọwọ́ ọmọ náà wà nípamọ́ lọ́dọ̀ mi.

Èmi ni,
Oníbàárà yín ní Ìjẹ̀bú-Òde