Léènì Tó Jẹ́ Kí Ojú Mi Rí Màbo

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni? Ará ilé ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́? Èmi náà wà, àfi ọrùn ọwọ́ ọ̀tún tó ń ro mí díẹ̀ láti ọjọ́ Àìkú. O ní kí n má fi ọ̀rọ̀ ìdíje bowling yẹn (eré yíyí bọ́ọ̀lù lórí léènì onípákó láti wó píìnì mẹ́wàá) pamọ́ fún ọ, pàápàá bó bá burú. Ó burú. Ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ dùn, jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n lẹ bébà kan mọ́ ògiri pé òróró tí wọ́n fi pa orí léènì gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 41, nínú 60 tó wà láti ìlà títí dé píìnì kìíní. Mo rántí ìṣirò tí o kọ́ mi: yọ 31 kúrò nínú gígùn òróró, iye tó bá kù ni nọ́ńbà pákó léènì, tí a bá kà á láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, tí bọ́ọ̀lù yẹ kó dé kó tó yà sí òsì. Pákó kẹwàá nìyẹn. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo gbá 208 nínú eré kìíní lára mẹ́fà, mo tún gbá 214 nínú ìkejì, mo sì ti ń ro ibi tí màá gbé ife ẹ̀yẹ sí nínú ilé.

Ohun tí mo gbàgbé ni pé òróró ìdíje kì í ṣe ẹgbẹ́ òróró ọjọ́ lásán. Níbi tí a ti máa ń ṣeré, wọ́n máa ń jẹ́ kí òróró àárín nípọn gan-an, bóyá ìlọ́po 8 tàbí 10 ti ẹ̀gbẹ́. Bí ọwọ́ rẹ bá ṣì sí ọ̀tún, ibi gbígbẹ á dá bọ́ọ̀lù padà fún ọ. Bó bá ṣì sí òsì, òróró á dì í mú, kò ní yà jù. Àṣé léènì ló ti ń bo àṣìṣe wa mọ́lẹ̀ láti ọjọ́ yìí, tí a rò pé ọwọ́ wa ló mọ́ṣẹ́! Ti ìdíje yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú bákan náà láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́. Bí o bá fi pákó méjì péré ṣìnà, o ti jẹ gbèsè.

Eré kẹta ni nǹkan yí padà. Ibi tí mo ń dúró sí náà ni mo dúró sí, ibi tí mo ń wò náà ni mo wò, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù ń tètè yà bàrá, ó ń kọlu píìnì kìíní níwájú gan-an. Píìnì tí nọ́ńbà wọn jẹ́ 4, 6, 7 àti 10 dúró sọ́tùn-ún sósì bí òpó ẹnu ọ̀nà, àárín ṣófo. Mo ta kú. Mo ní ọwọ́ mi ni, mo ní ẹsẹ̀ mi ni, mo tiẹ̀ tún okùn bàtà mi dì. Inú bí mi débi pé ẹ̀ẹ̀mejì ni píìnì 10 dá dúró, tí mi ò lọ mú bọ́ọ̀lù oníke, èyí tí kì í ka òróró sí, tó máa ń lọ tààrà. Bọ́ọ̀lù tó ń yà ni mo fi lé e, ó sì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejèèjì. 147.

Ṣé o mọ ohun tó là mí lójú? Aṣọ tí mo fi ń nu bọ́ọ̀lù ni. Láàárọ̀, gbogbo ìgbà tí mo bá nù ún ni òróró ń yọ lára rẹ̀. Nígbà tó yá, aṣọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Bọ́ọ̀lù gbogbo wa tó ń gba ojú ibi kan náà ti fa òróró ibẹ̀ mu tán, èmi sì ṣì ń wá òróró àárọ̀ lọ́sàn-án. (Ọlọ́wọ́ òsì kan ṣoṣo tó wà láàárín wa kò mọ nǹkan kan. Apá tirẹ̀ ṣì tutù, òun nìkan ló ń lò ó. Mo jowú rẹ̀.)

Mo wá sún ẹsẹ̀ sí òsì ní pákó 4, mo sún ojú ní 2. Léènì òsì nínú méjì tí a ń pààrọ̀ gbọ́, tọ̀tún kọ etí dídi. O mọ̀ pé léènì méjì tó wà nítòsí ara wọn kì í ní ìwà kan náà. Mo ṣì ń wádìí ìyẹn títí 171 fi bọ́ sí mi lọ́wọ́. Mo ìbá fi sáńpépà pa ojú bọ́ọ̀lù dà, ṣùgbọ́n òfin kò gbà á bí ìdíje bá ti bẹ̀rẹ̀, aṣọ gbígbẹ nìkan ni wọ́n fi wá sílẹ̀ fún. Ni mo bá gbé èyí tó ń dán, tó máa ń yọ̀ jìnnà kó tó yà. Mo gbá 203. Ayọ̀ mi padà.

Eré kẹfà ni mo fẹ́ bi ọ́ nípa rẹ̀. Lójijì, ní léènì ọ̀tún, bọ́ọ̀lù ò yà dáadáa mọ́, píìnì 10 ń dúró wò mí. Ẹnì kan lára wa ń lo bọ́ọ̀lù urethane láti àárọ̀, èyí tí kì í fa òróró mu bíi tiwa. Ṣé òun ló ti òróró síwájú, àbí ọwọ́ mi ló ti rẹ̀? Mi ò sún kúrò lójú kan, mo gbá 189.

Àròpọ̀ mi jẹ́ 1132. Ẹni tó yege kẹ́yìn ní 1141. Píìnì mẹ́sàn-án péré! Mo sì mọ ibi tí mo gbé wọn sọnù sí, ìwọ náà ti kà á lókè.

Fèsì ní kíá, kí o sì sọ tìrẹ nípa urethane yẹn fún mi.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́