Ìràwọ̀ Áfíríkà wo lẹ ń sọ?

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra ìwé ìròyìn yín lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sì ka ohun tí ẹ kọ nípa páílọ́ọ̀tì ọmọ Jámánì yẹn tó jà nínú Ogun Àgbáyé Kejì, Hans-Joachim Marseille, tí ẹ kọ "Ìràwọ̀ Áfíríkà" gàdàgbà sókè ẹ̀. Mo kà á tán, mo tún un kà, inú mi ò dùn rárá. Mi ò ní ẹ parọ́ o. Ibi tí ẹ fò ló ń dùn mí.

Òótọ́ ni pé ọmọ yẹn mọ bàálù wà, ẹnikẹ́ni ò lè gba ìyẹn lọ́wọ́ ẹ̀. Berlin ni wọ́n bí i sí ní 1919, ọ̀gá sójà ni bàbá ẹ̀. Nígbà tó ń bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì jà lókè òkun tó wà láàárín wọn àti ilẹ̀ Faransé ní 1940, bàálù 7 ló já lulẹ̀, ṣùgbọ́n òun náà ba bàálù tiẹ̀ jẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, torí alágídí ni, kì í gbọ́ràn, ọ̀rọ̀ obìnrin ò jẹ́ kó gbádùn, ó tún ń gbọ́ orin jáàsì tí ìjọba Hitler ò fẹ́ gbọ́ sétí, ọ̀gá ẹ̀ Steinhoff ní kó máa lọ, òun ò ṣe mọ́. Ìgbà tó dé Líbíà ní 1941, tó bọ́ sọ́wọ́ ọ̀gá mìíràn, Eduard Neumann, tó ní sùúrù fún un, ni ọwọ́ ẹ̀ tó wá dá múṣémúṣé.

Ẹ ò tiẹ̀ ṣàlàyé bó ṣe ń ṣe é, ẹ kàn ń ka bàálù bí ẹni ka àgbàdo. Àwọn páílọ́ọ̀tì Gẹ̀ẹ́sì máa ń tò yíká lójú ọ̀run bí agbo ọmọdé lábẹ́ òṣùpá, kí kálukú lè máa ṣọ́ ẹ̀yìn ẹnì kejì. Òun á já wọ àárín agbo, á dín iná ẹ́ńjìnnì kù, bàálù á wá máa rọra lọ bí ẹni fẹ́ dúró, á yí kọ́ńkọ́, á sì yìnbọn síwájú ibi tí bàálù yẹn ń lọ, kí bàálù náà àti ọta lọ pàdé lọ́hùn-ún. Ọdẹ tó bá ti yìnbọn sí ẹtu tó ń sáré rí mọ ohun tí mò ń wí. Bàálù 158 ni wọ́n kọ mọ́ ọn lórúkọ, 151 nínú ẹ̀ ní Àríwá Áfíríkà, 17 lọ́jọ́ kan ṣoṣo, 1 oṣù kẹsàn-án 1942. Àwọn tó fi àkọsílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wé tiẹ̀ ní kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló bára mu, ìyẹn náà ẹ ò sọ.

Ẹ wá dáhùn ìbéèrè mi. Ọmọ Jámánì ń bá Gẹ̀ẹ́sì jà lókè Líbíà àti Íjíbítì, àwọn onílé ò pè wọ́n, ta ló wá fi ṣe ìràwọ̀ Áfíríkà? Ọmọ Áfíríkà kan wà nínú ìtàn yẹn tí ẹ ò dárúkọ rárá. Mathew ni, Mathias ni àwọn ará Jámánì ń pè é. Ọmọ South Africa ni, aláwọ̀ dúdú bíi tèmi tìrẹ. Ìjọba aláwọ̀ funfun tó rán òun àti àwọn dúdú bíi tiẹ̀ lọ sógun kọ̀ láti fún wọn níbọn, wọ́n ní kí wọ́n máa wa mọ́tò, kí wọ́n máa gbẹ́lẹ̀, kí wọ́n máa rù. Nígbà tí ìlú Tobruk ní Líbíà bọ́ sọ́wọ́ Jámánì ní 21 oṣù kẹfà 1942, èèyàn tó lé ní 30,000 ni wọ́n kó, ó wà lára wọn. Bó ṣe di ọmọọ̀dọ̀ Marseille nìyẹn. Wọ́n ní ọ̀rẹ́ wọn wọ̀ gan-an. Mo gbà. Àmọ́ ọ̀rẹ́ wo ni ti ẹni tí ò lè sọ pé òun ń lọ ilé?

Ẹ má sì jẹ́ ká gbàgbé pé ní oṣù kẹfà 1940, ní Chasselay nítòsí Lyon nílẹ̀ Faransé, sójà Jámánì kó àwọn sójà dúdú tí Faransé kó láti ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà wa níbí, wọ́n ti juwọ́ sílẹ̀ o, wọ́n yìnbọn pa wọ́n. Ìjọba tí Marseille ń jà fún nìyẹn, bó ti wù kí òun fúnra ẹ̀ láàánú tó.

Ikú ẹ̀ náà, ìlà kan lẹ fi kọjá. Lọ́jọ́ 30 oṣù kẹsàn-án 1942, bàálù tuntun tí ò wù ú ni wọ́n ní dandan kó wà. Ẹnikẹ́ni ò yìnbọn sí i. Ẹ́ńjìnnì ló ń yọ èéfín, èéfín kún ibi tó jókòó, kò ríran, àwọn tí wọ́n jọ ń fò ń darí ẹ̀ lórí rédíò títí wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ sójà tiwọn. Ó dojú bàálù dé kó lè jábọ́, ìrù bàálù gbá a láyà, páráṣúùtì ò ṣí. Ọmọ ọdún 22 péré.

Bàbá bàbá mi lọ sí Bọ́mà nígbà ogun yẹn, orí ló fi ń ru àpótí ọta nínú igbó, kò sẹ́ni tó pè é ní ìràwọ̀ kankan títí tó fi kú. Ìdí tí ọ̀rọ̀ Mathew fi wọ̀ mí lára nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá fẹ́ tún ìtàn yẹn kọ, ẹ fi orúkọ ẹ̀ sí i.

Èmi òǹkàwé yín láti Ìbàdàn.