Ìbòmú, omi àti ata: lẹ́tà láti Òṣogbo

Òṣogbo,
Ọjọ́ 9, oṣù kẹrin, 2020.

Ìyá Tóyìn ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Jámánì níbẹ̀? Bàbá Tóyìn ńkọ́? Ara wa le níbí. Láti ìparí oṣù tó kọjá tí ìjọba ti ní kónílé ó gbélé nítorí àrùn kòrónà, òrìta Ọláìyá tí ọkọ̀ kì í jẹ́ kéèyàn ráyè sọdá yẹn, ewúrẹ́ ló ń sùn síbẹ̀ báyìí. Àwọn 127 tó wọlé láti Kódífúà, tí wọ́n dá dúró sí Èjìgbò fún àyẹ̀wò, ló kọ́kọ́ já gbogbo ayé láyà. Ọ̀la ni Jímọ́ọ̀ Rere, kò sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ààwẹ̀ náà kò ní í pẹ́ dé, bóyá ilé ni kálukú yóò ti kírun àṣámù. Ẹ jẹ́ n fi ìròyìn sílẹ̀, kí n dáhùn ohun tí o béèrè nípa bí a ṣe ń rán ìbòmú, omi ìfọwọ́ àti ọbẹ̀, torí o ní ọ̀rọ̀ orí fóònù kò dá lójú rẹ.

Àdìrẹ tó wà lọ́wọ́ rẹ yẹn dára fún ìbòmú, àmọ́ má tíì fi sísọ́ọ̀sì kàn án. Bó bá jẹ́ ẹlẹ́kọ, èyí tí wọ́n fi ẹ̀kọ ya ọnà sí kí wọ́n tó pa á láró, ó lè jẹ́ pé ẹ̀kọ ṣì wà lára rẹ̀. Bí o bá rán an bẹ́ẹ̀, èémí kò ní í gba inú aṣọ kọjá, ẹ̀gbẹ́ ni yóò máa yọ́ gbà, ìbòmú á wá di ẹ̀ṣọ́ ojú lásán. Rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná mọ́jú, kí o fọ̀ ọ́ títí yóò fi rọ̀ bí ọ̀já ìpọnmọ. Aró tuntun náà máa ń ṣí, torí náà fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀, máa da omi rẹ̀ nù títí omi yóò fi mọ́. Ìlú aró ni Òṣogbo lóòótọ́, ṣùgbọ́n imú kọ́ la ń pa láró.

Bó bá jẹ́ àǹkárá ni, gbé e síwájú ìmọ́lẹ̀ iná. Bí o bá ń rí ìka ọwọ́ rẹ kedere ní òdì kejì, aṣọ náà ti fẹ́lẹ́ jù. Léèsì kò wúlò rárá, bó ti wù kó lówó lórí tó.

Gé méjì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní ínǹṣì 10, kó fẹ̀ ní ínǹṣì 6. Gbé wọn lé ara wọn kí ojú aṣọ wà níta. Ẹ̀gbẹ́ gígùn méjèèjì ni kí o kọ́kọ́ ṣẹ́, ìdá kan nínú mẹ́rin ínǹṣì tó, kí o rán an mọ́lẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kúkúrú wá ni iṣẹ́ wà: ṣẹ́ ẹ ní ààbọ̀ ínǹṣì, etí rẹ̀ nìkan ni kí o rán, kí àárín ṣófo bí ẹnu ṣòkòtò tí okùn ń gbà kọjá. Fi pín-ìn fa rọ́bà tó ń nà, tó gùn ní ínǹṣì 6, gbabẹ̀, ọ̀kan fún etí ọ̀tún, ọ̀kan fún tòsì. Ta kókó rẹ̀, fa kókó náà wọ inú, kí o wá sún aṣọ jọ sórí rọ́bà títí yóò fi bá ojú mu. O ní rọ́bà ti tán ní ṣọ́ọ̀bù yín. Wá síńgílẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kan, gé e tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, kí o fà á. Yóò ká ara rẹ̀ bí okùn, kì í sì í ha etí bíi rọ́bà.

Òkè imú ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù. Bí awò ojú rẹ bá ń ṣú ní gbogbo ìgbà tí o bá mí, afẹ́fẹ́ ń jáde níbẹ̀. Kí o tó rán ẹ̀gbẹ́ òkè pa, ki wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó gùn tó ínǹṣì 4 bọ inú rẹ̀. Ká orí wáyà náà padà kó má baà gún aṣọ jáde, kí o wá tẹ̀ ẹ́ mọ́ imú bí o bá ti wọ̀ ọ́. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2, má fi í fún un. Ẹnì kan nílò tó mẹ́ta: ọ̀kan lójú, ọ̀kan lórí okùn, ọ̀kan nínú àpótí. Àwọn tó ń fà á sábẹ́ àgbọ̀n láti sọ̀rọ̀, tí wọ́n tún wá fà á padà sókè, èmi ò mọ ohun tí wọ́n rò pé àwọn ń ṣe.

Ní ti omi ìfọwọ́, rọ́bà ọ̀dà lítà 20 tí a de táàpù mọ́ la fi ń ṣe é níbi tí kò bá sí omi ẹ̀rọ. Irin gbígbóná ni wọ́n fi ń lu ihò sí i, ní nǹkan bí ínǹṣì 2 sókè ìdí rẹ̀ kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ má baà dí táàpù. Kí ihò náà kéré sí ẹnu táàpù, kí o wá fi irin fẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bó bá ti tóbi jù, kò sí wọ́ṣà, òrùka rọ́bà tí kì í jẹ́ kí omi jò, tó lè dá a dúró mọ́. Wọ́ṣà kan nínú, ọ̀kan níta, ọwọ́ ni kí o fi dè é, sípánà ò ju ìdajì yípo lọ, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ rọ́bà á sán. So ọṣẹ sínú kàn-ìn-kàn-ìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ ìdọ̀tí lèèyàn fi ń ṣí táàpù, nítorí náà bí o bá ń fi ìfófòó fọ ọwọ́, kí o fi díẹ̀ fọ orí táàpù náà, kó tó ìṣẹ́jú-àáyá 20 kí o tó ṣan án.

O tún ní báwo la ṣe ń rí ọbẹ̀ jẹ. Iná kò ṣeé gbára lé, nítorí náà a kì í kó ata sí fìríìsà. Tòmátì ìdá méjì sí tàtàṣé kan, rodo bí ẹnu bá ṣe gbà á. Má bu omi sí i púpọ̀ nígbà tí o bá ń lọ̀ ọ́. Ṣí orí ìkòkò sílẹ̀ kí omi rẹ̀ gbẹ pátápátá kí òróró tó wọlé, kí o wá dín in títí òróró yóò fi léfòó. Èyí tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ kí òróró tó yọ, ọjọ́ kejì ló ti ń kan. Má dé e nígbà tó ṣì gbóná: ooru á di omi lábẹ́ ọmọrí, á kán padà sínú rẹ̀. Máa gbé e kaná kó hó láàárọ̀ àti lálẹ́, ṣíbí gbígbẹ ni kí o sì fi bù ú. Ẹ̀wà ńkọ́? Sá a kó gbẹ, kó o sínú kẹ́ẹ̀gì dé ẹnu, kí o dé e pinpin. Kòkòrò tí kò rí afẹ́fẹ́ kò ní í pẹ́ kú.

Kọ̀wé sí mi bí o bá ti rán àkọ́kọ́. Fún Bàbá Tóyìn, ínǹṣì 10 kò lè tó o, pẹ̀lú irùngbọ̀n yẹn. Fi ínǹṣì kan kún un, tàbí kí o ní kó fá a.

Èmi ni,
Ìyá Kẹ́mi.